Ahun Amúniwọlé

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò balẹ̀ lórí ọba, kò balẹ̀ lórí ìjòyè, ó balẹ̀ lórí Ahun Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, lọ́dún tó fi ara rẹ̀ joyè Amúniwọlé nínú igbó Ìkọ̀lé-Èkìtì. Orin wà nínú àlọ́ yìí o. Bí mo bá lé e, kí ẹ̀yin gbè é. Ègbè yín kò le rárá: "Gbìnrìn agogo." Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ.

Gbìnrìn agogo!

Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún náà, èsì ìdánwò àṣekágbá àwọn ọmọ ẹranko jáde. Igbó tó wà láàrin Ìkọ̀lé sí Ìtàpájì ń ho yèè. Ọmọ Àkókó gba kírẹ́díìtì mẹ́jọ, ọmọ Ẹ̀gà gba méje, ọmọ Òkété gba mẹ́fà, ọmọ Adìẹ gba márùn-ún gééré, iye tí àwọn yunifásítì ń béèrè. Inú àwọn òbí dùn, wọ́n gún iyán. Wọn kò pa ẹran o. Ta ni wọn ì bá mú pa nínú ara wọn?

Iyán kò tíì dà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ fi dé. Bàbá Àkókó bi Bàbá Òkété pé, "Ilé-ìwé wo lọmọ tìrẹ ń lọ?" Bàbá Òkété kọjú sí Ìyá Ẹ̀gà, ó bi í ní ìbéèrè kan náà. Ìyá Ẹ̀gà bi Ìyá Adìẹ. Ìbéèrè náà rìn yí igbó ká, ó tún padà sọ́dọ̀ Bàbá Àkókó. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yíjú sí ọmọ rẹ̀ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ wo lo fẹ́ fi ayé rẹ ṣe?"

Bí wọ́n bá bi í, ìdáhùn kò jìnnà. Láti ọjọ́ tí ọmọ Àkókó ti ń dá fò ló ti ń fi ẹnu kan nǹkan. Á kàn án, á dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbọ́ bó ṣe dún, á ní, "Ibí yìí le, ibí yìí ti jẹrà nínú." Ọjọ́ kan wà tí ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Ewúrẹ́ kọ̀, tí kò jí mọ́. Ọmọ Àkókó bà lé e lórí, ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tẹ́tí, ó ní pílọ́ọ̀gì ló dọ̀tí. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n nù ún, ẹ̀rọ jí. Ọmọ Òkété ní tirẹ̀, ilẹ̀ ló mọ̀: á fi imú kan yẹ̀pẹ̀, á sọ fún ọ pé iṣu yóò ta níbí, pé ẹ̀gẹ́ ni kí o gbìn sí ọ̀hún. Ọmọ Ẹ̀gà, bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ẹjọ́ àwọn ọmọ yòókù ló ń bá wọn rò lábẹ́ ọ̀pẹ. Ọmọ Adìẹ kì í pariwo. Òròmọdìẹ tí ara rẹ̀ kò bá yá, òun ló ń fi ìyẹ́ bò ó mọ́jú.

Ṣùgbọ́n ta ló wo ìyẹn? Orúkọ ilé-ìwé ni gbogbo wọn ń wá, orúkọ tí ó máa kún ẹnu bí wọ́n bá ń pè é ní ibi ìsìnkú àti ibi ìgbéyàwó.

Ahun gbọ́. Ahun tí kò jókòó ní kíláàsì rí, tó jẹ́ pé ilé ìdáná nìkan ló mọ̀ nínú ilé-ìwé, nítorí ibẹ̀ ló ti jí ẹ̀wà kó. Ó wá férémù awò ojú kan tí kò ní díńgí, ó gbé e kọ́ imú. Ó ya kóòtù lọ́wọ́ Ìkamùdù. Ó gbé tábìlì sí ìdí àràbà, ó fi ẹfun kọ pátákó: "Ọ̀jọ̀gbọ́n Ahun, Amúniwọlé. Ẹ bá mi, ẹ wọlé." Owó ìmọ̀ràn jẹ́ ogún iṣu. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó yá kíákíá, ogójì.

Bàbá Àkókó ló kọ́kọ́ dé. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, a fẹ́ kí ọmọ yìí ṣe dókítà."

"Kí ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kò mọ̀ ju kó máa kan igi lọ."

"Háà! Ẹ ò ti rí dókítà nígbà tó ń fi ìka kan àyà aláìsàn? Àyà ni, igi ni, kíkàn náà ni. Dókítà gidi lẹ bí yìí."

Ọmọ Àkókó gbẹ́nu sókè. "Bàbá, mi ò mú báyọ́lọ́jì nínú JAMB. Máàsì, físíìsì àti kẹ́mísírì ni mo mú."

Ahun wò ó láti inú awò tí kò ní díńgí. "Ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà ti ń sanwó."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ àlọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ yẹn kò jayò pa. Láti 1978 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá JAMB, àjọ ìdánwò ìwọlé sí ilé-ìwé gíga, sílẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe, máàkì 400 sì ni gbogbo rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni dandan; mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ bá kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ mu. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni yóò mú. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, máàsì, físíìsì àti kẹ́mísírì ni tirẹ̀. Ẹni tó ń wo ọ̀nà lọ́yà kò gbọdọ̀ fi lítíréṣọ̀ sílẹ̀. Ọmọ lè gba 300 nínú 400, bí iṣẹ́ tó mú kò bá ti bá kọ́ọ̀sì rẹ̀ mu, ìta ni yóò ti máa ka máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Àkókó ti ń ka iṣu lélẹ̀.

Bàbá Òkété wọlé. Òun kò mọ ohun tó fẹ́, ohun tí kò fẹ́ ló mọ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, oko ni bàbá mi ro kú. Oko ni èmi náà ń ro, ẹ wo ẹ̀yìn mi bó ṣe tẹ̀. Ibi yòówù tí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ yìí sí, kó má ti jẹ́ ibi tí wọ́n ti máa dárúkọ ọkọ́."

Ahun rò ó fún ìgbà díẹ̀. "A ó fi ṣe awakọ̀ òfuurufú."

"Òkété kẹ̀? Èyí tó ń gbé inú ihò?"

"Inú ihò ló ti ń bọ̀, ojú ọ̀run ló ń lọ. Àbí ẹ̀yin kò fẹ́ ìlọsíwájú?"

Ta ló máa sọ pé òun kò fẹ́ ìlọsíwájú? Bàbá Òkété san ogójì.

Ìyá Ẹ̀gà ló fẹ́ mọ àwọn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti mú wọlé rí. Ahun na ìka sókè. Lékeléke ń kọjá lọ lójú sánmọ̀, ó funfun báláú. "Ẹ rí ìyẹn? Nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ mi, dúdú kirikiri ni. Ilé-ìwé tí mo fi sí ló fọ̀ ọ́." Lékeléke gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó mọ̀ pé funfun ni ìyá òun bí òun. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn létí, ó ju ìyẹ́ méjèèjì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Ẹ̀gà sanwó.

Ìyá Adìẹ kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ó ní, "Ibi tí ọmọ Àkókó bá ń lọ ni tèmi náà ń lọ." Ó gbé iṣu kalẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí lorúkọ ilé-ìwé náà?"

"Ilé-Ìwé Gíga Géètì Wúrà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ wo géètì. Bí géètì bá rí báyẹn, kí lẹ rò pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Gbogbo wọn mi orí. Ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Yánníbo bá iṣu tó kún ìyẹ̀wù. Ó jókòó sórí àpótí. "Ọkọ mi, mo gbọ́ ohun tí o ń ṣe. Ẹnu ọ̀nà ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé yìí ni mo ti ń dín àkàrà. Ní 2011 ni wọ́n dá FUOYE yìí sílẹ̀, ó ní ọgbà ní Oyè, ó sì ní òmíràn níbí. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà àti àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, Ìkọ̀lé ni wọ́n wà. Àwọn tí epo mọ́tò ti ba ẹ̀wù wọn jẹ́ ló ń ra àkàrà mi láàárọ̀, àwọn tí ẹrẹ̀ wà ní bàtà wọn ló ń rà á nírọ̀lẹ́. Ọmọ Àkókó, ìfò méjì ni láti ilé wọn. Ọmọ Òkété lè gba abẹ́ ilẹ̀ dé ibẹ̀. Èwo ni ti géètì wúrà?"

Ahun rẹ́rìn-ín. "Yánníbo, o gbọ́n, ṣùgbọ́n o ò mọ ọjà. Ta ló máa san ogún iṣu kí n lè sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọmọ rẹ̀ ń lọ?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ahun kó àwọn ọmọ àti òbí jọ, wọ́n mú ọ̀nà Ọmùò pọ̀n. Wọ́n gba iwájú ọgbà Ìkọ̀lé kọjá. Yánníbo wà nídìí agbada, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wò wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, irin kan ń dún nínú ibẹ̀: kó, kó, kó. Ọmọ Àkókó dúró. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá rẹ̀ fa ìyẹ́ rẹ̀: "Máa bọ̀ jàre, dókítà. Kí lo wá dúró ṣe níbi tí wọ́n ti ń lu irin?"

Wọ́n rìn títí, wọ́n yà sínú igbó, géètì bá yọ sí wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Òpó méjì ló dúró gbọnhin, a fi ọ̀dà wúrà kùn wọ́n, ó ń kọ mọ̀nà. Agogo kan so láàrin. Àwọn òbí dọ̀bálẹ̀ fún géètì. Ahun fa okùn agogo, ó gbé orin. Ẹ gbè é o!

Lílé: Ọmọ Àkókó, kí lo wá kọ́?
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Baba ló mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n.
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Ọmọ Òkété, kí lo wá ṣe?
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Baba ló rán mi, mo sì jẹ́ ẹ.
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Géètì tó ga, géètì oníwúrà,
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Ẹni bá fẹ́ wọlé kì í béèrè.
Ègbè: Gbìnrìn agogo.

Àwọn ọmọ wọlé. Ahun ní èèwọ̀ ni, òbí kì í wọ ọgbà. Àwọn òbí fi ijó padà sílé.

Ẹ̀yin ọmọ, kí lẹ rò pé ó wà lẹ́yìn géètì?

Oko iṣu Ahun ni!

Ọdún mẹ́ta ni Ahun kò ti rí alágbàro gbà, nítorí kì í sanwó. Àwọn alágbàro tuntun rèé, àwọn ló sanwó fún un. Ó to ọkọ́ kalẹ̀. "Ọdún kìíní, ebè kíkọ. Ọdún kejì, iṣu gbígbìn. Ọdún kẹta, igi títì sí iṣu. Ọdún kẹrin, iṣu wíwà. Ọdún karùn-ún, rírù lọ sílé Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ọmọ Àkókó ní, "Kọ́ọ̀sì ìṣègùn ńkọ́?"

"Ilẹ̀ yìí ni kò yá. Ẹ tọ́jú rẹ̀."

"Ti awakọ̀ òfuurufú ńkọ́?"

"Kí Òkété gun orí ebè tó ga jù, kó máa wo òkè."

Ọmọ Ẹ̀gà ní lọ́yà lòun wá kọ́. Ahun ní kó lọ bá èpò rojọ́ kí èpò lè kúrò. Ọmọ Adìẹ ní òun kò mọ ohun tí òun wá kọ́. Ahun yìn ín, ó ní òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù, ó fi í ṣe olórí àwọn tó ń ṣa kòkòrò.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ọmọ Ẹ̀gà ní òun gbọ́ pé àwọn tó wà nílé-ìwé gidi máa ń jáde lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́, pé SIWES ni wọ́n ń pè é, pé àjọ ITF ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1973. Ahun ní, "SIWES náà ni ẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ tí ẹ ti dé. Tiwa kì í parí."

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí Ahun kò rò tẹ́lẹ̀. Inú ọmọ Òkété ń dùn. Ó ní kí wọ́n yí ebè ìsàlẹ̀ padà nítorí omi ń dúró níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí apá òkè. Iṣu tó ta níbẹ̀, ẹni méjì ló ń gbé ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kọ́ọ̀sì rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó kù kí ó rí ìwé ẹ̀rí gbà, ta ló sì máa fún un?

Nílé, àwọn òbí ń jẹ orúkọ. Ẹnikẹ́ni kò pe Bàbá Àkókó ní orúkọ rẹ̀ mọ́, Bàbá Dókítà ni. Ìyá Ẹ̀gà dá aṣọ ẹbí. Ó tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí egungun tó há Ọba Kìnnìún lọ́fun. Ọba kò lè gbé itọ́ mì, kò lè bú ramúramù. Àwọn ìjòyè ní, "Kí ni a ń wá kiri? Ọmọ Bàbá Dókítà kò ha ti lo ọdún mẹ́ta?" Wọ́n gbé ọba, ó di ẹnu ọ̀nà géètì wúrà.

Ahun kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọmọ Àkókó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó fò, ó bà lé orí òpó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ọkọ́ ti gé èékánná rẹ̀ kan.

"Dókítà!" Bàbá rẹ̀ pariwo. "Ọba rèé, egungun há a lọ́fun. Wò ó sàn!"

"Bàbá, mi ò mọ nǹkan kan nínú ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan kan nípa géètì yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti fẹ́ kàn án. Ẹ jẹ́ n kàn án, kí ẹ fetí sílẹ̀."

Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kan òpó. Òpó kò dún kó, ó dún bọ̀. Ẹ gbè é o!

Lílé: Mo kàn án lókè, kò dún bí òkúta.
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Mo kàn án nísàlẹ̀, kò dún bí igi.
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Baba mi o, ta lo san iṣu fún?
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kùn lọ́dà fún ọ.
Ègbè: Gbìnrìn agogo.
Lílé: Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀!
Ègbè: Gbìnrìn agogo.

Ó tún un kàn lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjèèjì dojú dé, agogo já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ojú gbogbo wọn wá rí oko. Wọ́n rí ebè tó tò lọ bí ilẹ̀ ti lọ. Wọ́n rí ọmọ Ẹ̀gà níbi tó ti ń bá èpò rojọ́.

Wọn kò ráyè bú Ahun lọ́jọ́ náà, ọ̀fun ọba ló ṣe kókó. Wọ́n gbé Kìnnìún dé Ìdó, sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ ìṣègùn, tí wọ́n tún fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ti ọ̀fun nìkan lórí rẹ̀, ní kó la ẹnu. Wọ́n tan iná sí i, wọ́n fi irin ẹlẹ́nu méjì tẹ́ẹ́rẹ́ fa egungun jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni tó béèrè bí géètì ilé-ìwé wọn ṣe rí.

Ọjọ́ keje, ọba jókòó ìdájọ́. Ohùn rẹ̀ ṣì há. "Ahun, kí lo rí sọ?"

Ahun dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, kí ẹ̀mí ọba gùn. Mi ò pa irọ́. Orúkọ ni wọ́n wá rà lọ́wọ́ mi, orúkọ ni mo tà. Wọ́n ní kí géètì ga, ó ga. Nínú gbogbo wọn, kí ẹni tó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ náà, níbo ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣe é, ta ló ń fọwọ́ sí i, kó jáde síta kó wá sọ ọ́."

Agbo dákẹ́. Bàbá Àkókó ń wo ilẹ̀. Ìyá Adìẹ wo ojú Bàbá Àkókó, òun náà wo ilẹ̀.

Kìnnìún ní, "Ẹjọ́ rẹ jàre níbì kan, o sì jẹ̀bi níbi tó kù. Yánníbo dà?"

Yánníbo bọ́ síwájú, òórùn àkàrà ṣì wà lára rẹ̀. "Kábíyèsí, ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé a máa gbọ́ ju ohun tó tà lọ. Ìdí iṣẹ́ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wá gun òkè lọ sí orúkọ. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn ẹnjiníà ní COREN. Àwọn dókítà ní MDCN. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ kọ́ni ní òfin, Council of Legal Education gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Lórí gbogbo rẹ̀, NUC ló ń yẹ kọ́ọ̀sì yunifásítì wò, NBTE ló ń yẹ ti pólì wò. Kọ́ọ̀sì tí àwọn wọ̀nyí kò bá mọ̀, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ì báà jẹ́ pé wúrà gidi ni wọ́n fi kùn ún."

Ó pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ Àkókó, ọdún márùn-ún ni ti ẹnjiníà, ẹ̀gbẹ́ ilé yín ló sì wà. Bí máàkì JAMB rẹ kò bá gbé ọ dé ibẹ̀, Pólì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Adó. Jos ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1977 kó tó dé Adó ní 1982. ND ọdún méjì, iṣẹ́ níta ọdún kan, HND ọdún méjì. Ọwọ́ rẹ yóò mọ irin dáadáa."

Bí Bàbá Àkókó ṣe gbọ́ "pólì" báyìí, ó fi ìyẹ́ di etí. Kìnnìún kùn. Ó yọ ìyẹ́ kúrò.

"Ọmọ Ẹ̀gà, ẹnu rẹ yóò bọ́ ọ, bí o bá fi ìwé tì í lẹ́yìn. Yunifásítì ìpínlẹ̀ wà ní Adó, èyí tí ìjọba Òǹdó àtijọ́ dá sílẹ̀ ní 1982 kí Èkìtì tó dá dúró ní 1996. Ti Afẹ́ Babalọlá náà wà ní Adó láti 2009. Àwọn méjèèjì ló ń kọ́ òfin, owó wọn ni kò jọra. Kí ìyá rẹ tú àpò wò kó tó tú ẹnu. Ọdún márùn-ún ni, kì í sì í tán níbẹ̀: Law School tún ń dúró dè ọ́ kí wọ́n tó pè ọ́ ní lọ́yà.

"Ọmọ Adìẹ, gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kọ́ ni dókítà. Lọ sí Ìjẹ̀rò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń jáde."

Ó kan ọmọ Òkété. Bàbá rẹ̀ ti dìde dúró. "Ẹ má sọ ọ́! Oko náà ni!"

"Oko náà ni. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fi kọ́ ọ, odindi ọdún kan nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé inú oko ni wọ́n ń lò ó. Ọkọ́ ló tẹ̀ ọ́ lẹ́yìn, Bàbá Òkété. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ irú ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irúgbìn, iye tí wọ́n ń tà á. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ. Iṣu tó hù lóko ọkọ mi, ta ló mú un ta bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Òkété wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fi imú kan ilẹ̀ ààfin. Ó ní, "Kábíyèsí, ọsàn yóò ṣe dáadáa níbí." Bàbá jókòó.

Bàbá Àkókó gbé ìyẹ́ sókè. "Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé wọn á ṣì máa pè mí ní Bàbá Dókítà?"

"Wọ́n á máa pè ọ́ ní Bàbá Ẹnjiníà."

Ó pè é sábẹ́ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. "Ó kún ẹnu díẹ̀," ó ní. Ó jókòó.

Ìdájọ́ Ahun ni pé kí ó dá iṣu oníṣu padà, kí ó sì san owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta fún àwọn ọmọ. Ọba tún ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Ó ní kí ọmọ Àkókó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ géètì wò. Ọmọ Àkókó bà lé Ahun lẹ́yìn. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kàn án.

Bọ̀.

Ó tún un kàn. Bọ̀.

"Kábíyèsí, òfìfo ni."

Ẹ̀rín bú ní ààfin. Ojú ti Ahun, ó fa orí wọlé, ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí ẹ bá kan ẹ̀yìn Ahun, orí rẹ̀ yóò wọlé kíá. Ó rò pé Àkókó tún ti dé láti wá yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ mi ni pé kí á bi ọmọ ní iṣẹ́ kí á tó bi í ní ilé-ìwé, kí á sì kan géètì wò kí á tó san iṣu. Gbogbo àwọn òbí igbó Ìkọ̀lé ló gbọ́ ẹ̀kọ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀bọ gbé tábìlì sí ìdí ọsẹ̀, ó ní òun ní ilé-ìwé kan tí géètì tirẹ̀ jẹ́ fàdákà, pé ọ̀nà Ìlú Ọba ni wọ́n ń gbà lọ. Kí oòrùn tó yọ, ìlà ti gùn dé odò. Bàbá Àkókó àti Bàbá Òkété kò sí níbẹ̀. Ìyá Adìẹ ló wà níwájú, ó mú àbúrò ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní kí lọmọ náà fẹ́ ṣe. Ó ní ibi tí àwọn tó wà lẹ́yìn òun bá ń lọ ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ṣe ró. Bí n kò bá purọ́, kí ó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Pó! Pó! Pó!